Ẹlẹgbẹ́ Tí Mo Wá fún Ẹja Pupa

Èmi ni mo fà á tí ìyá àgbà fi kúrò ní Bódìjà. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí ẹja nínú àpótí onígíláàsì níbi kan, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò.

Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Nígbà tí ọkọ wọn kú ní Mọ́níyà, ìyá mi fárígá pé ìyá àwọn kò ní dá gbé láéláé, ni wọ́n bá lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù jù láyé ni kí ìyá àgbà sọ pé àwọn fẹ́ padà. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ni kó o rí i pé ara tu ìyá àgbà o." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba oyè.

Bódìjà ayé ìgbà yẹn dùn lójú mi: igi máńgòrò nínú ọgbà, títì tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò dùn mọ́ ìyá àgbà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá mi á gba ibi iṣẹ́ ìjọba lọ, ìyá mi á lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, èmi náà á lọ sílé ìwé. Ó wá ku ìyá àgbà àti géètì. Wọ́n kí obìnrin ojúlé kejì láti orí fẹ́ǹsì lọ́jọ́ kan, obìnrin náà sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ẹja ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi ti ra ẹja pupa mẹ́ta ní Dùgbẹ̀, méjì ti kú, ó ku ẹyọ kan. Láràárọ̀, ìyá àgbà á fa àga síwájú àpótí onígíláàsì tí ẹja náà wà, wọ́n á já búrẹ́dì sómi. "Ìyàwó mi, ṣé o sùn dáadáa?" Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Èmi àti ẹ náà la jọ dá wà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo pinnu pé màá wá ẹlẹgbẹ́ fún ẹja náà, bóyá ara á tu àwọn méjèèjì.

Irú ẹja wo? Ẹja pupa ti tán ní Dùgbẹ̀. Bàbá mi dárúkọ ẹpìyà, àwọn fúnra wọn tún ní rárá, oníjà ni. Mo dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́, ìyá àgbà ní ọjọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ bá wọlé ni àwọn máa jáde. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n pa fún mi: "Èyí tí kò ní tètè kú ni kó o wá. Òkú ti sú mi."

Nígbà tó di Sátidé, bàbá mi gbé mi lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé, lọ́dọ̀ apẹja kan. Mo jíṣẹ́ fún un bí wọ́n ṣe rán mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọwọ́ bọ garawa. "Àrọ̀ ni kó o mú. Bí omi bá gbẹ, inú ẹrẹ̀ ló máa wà. Kì í kú bọ̀rọ̀." Ẹja náà kò gùn ju ìka mi lọ. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn. Bàbá mi, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìmọ̀ ẹja yangàn, kò béèrè nǹkan kan.

Ìyá àgbà gbà á lálejò. Wọ́n ní àlejò la kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ, àrọ̀ ló wá ń jẹ ṣáájú ìyàwó: búrẹ́dì, ẹ̀wà, ẹran tí eyín wọn ò ká mọ́. Wọ́n ń pè é ní bàbá onírungbọ̀n. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n ra bàtà tuntun fún mi. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, àrọ̀ ti tó ẹja ọbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo dé láti ilé ìwé, mo bá ìyá àgbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí àpótí. Àrọ̀ nìkan ló kù nínú omi, ikùn rẹ̀ rí róbótó. Mo bú sẹ́kún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un.

"Má ṣépè fún un," ni ìyá àgbà wí. "Ohun tó ń jẹ ló jẹ. Ìwọ tó o mú un wá, ṣé o béèrè ohun tó ń jẹ?"

Ìyá mi wọlé, wọ́n ń bẹ ìyá àgbà pé a máa ra òmíràn. Ìyá àgbà wo ìyá mi títí. "Ìwọ náà, nígbà tó o wá kó mi ní Mọ́níyà, ṣé o bi mí?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìyá àgbà.

Ní Sátidé yẹn, a dá àrọ̀ padà sómi Ẹlẹ́yẹlé láàárọ̀, a gbé ìyá àgbà lọ sí Mọ́níyà lọ́sàn-án. Ìyá mi sunkún lọ, wọ́n sunkún bọ̀. Mi ò lè wojú wọn. Àpótí ẹja náà gbẹ, ìyá mi sì ń kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé wọn sí i.

Lẹ́yìn oṣù kan, èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ́ọ̀, a lọ kí ìyá àgbà. Orí bẹ́ǹṣì la bá wọn níwájú ilé, láàárín ìyá arúgbó méjì. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan láìdáa, ìyá àgbà sì ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ lu itan ẹnì kejì. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí ní Bódìjà. Ìyá mi kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kí wọn kí wọ́n tó gbọ́.