Họ́ọ̀sì tí Ìyàndá Kò Gé

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ojú ayé rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́, etí ara rẹ̀ ló sì fi gbọ́. Ìyàndá ni ọkọ mi ń jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Onitsha, lẹ́bàá ọ̀nà Nkpor, ló ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Bíréèkì nìkan ló ń tún ṣe. Kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ máa wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò kàn án. Àwọn Ìgbò ń pè é ní Ọ̀gá Bíréèkì, bí wọ́n bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú, kò ní í kí èèyàn dáadáa mọ́.

Àṣà kan ló sọ ọ́ di olókìkí. Rọ́bà kan wà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, họ́ọ̀sì là ń pè é. Bó bá ti pẹ́, ara rẹ̀ á là wẹ́wẹ́, téèyàn bá tẹ bíréèkì, á wú bí ọrùn ọ̀pọ̀lọ́, lọ́jọ́ kan á bẹ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹyọ kan bá bẹ́, òróró á dà nù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní í dúró mọ́. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n máa ń fọ họ́ọ̀sì àlòkù, wọ́n á fi pólíìṣì bàtà kùn ún, wọ́n á tún un tà bíi tuntun. Ọkọ mi kì í ṣe é. Bó bá ti tú họ́ọ̀sì kan, á pe ọlọ́kọ̀, á gbé rọ́bà náà lé orí òkúta lójú ẹni náà, á fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Á ní, "Ó ti kú. Òkú kì í padà wálé." Àwọn oníbàárà á pàtẹ́wọ́.

Ó di oṣù kẹfà ọdún 1966, ìlú ti ń gbóná. Adélàjà gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Oníṣòwò aṣọ ni, ará ìwọ̀-oòrùn bíi tiwa, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì ni pẹ̀lú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Họ́ọ̀sì méjì iwájú ló fẹ́ pààrọ̀. Ìyàndá pààrọ̀ ti apá òsì, ó gé òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ni Adélàjà bá mú gígé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé ti ọkọ̀ mi nìyí ṣá? Mo mọ̀ yín. Olè ni gbogbo ẹ̀yin mẹkáníìkì." Ó tún un sọ ní pìjín kí àwọn Ìgbò tó wà níbẹ̀ lè gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adélàjà bá lọ jókòó sábẹ́ igi.

Èmi Súlìyát ń gbé oúnjẹ ọ̀sán bọ̀ nígbà náà. Mo bá ọkọ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi pólíìṣì kun họ́ọ̀sì apá ọ̀tún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Mo ní, "Háà, Bàbá Àìṣát, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ó ní, "Ó ní olè ni mí, àbí? Ó dáa, mo gbà."

Ó dá ògbólógbòó náà padà sára ọkọ̀, ó mú rọ́bà kan nínú pàǹtí, ó lọ gé e lójú Adélàjà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti lo tuntun tí Adélàjà sanwó rẹ̀ fún ọkọ̀ ẹlòmíì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí pé ẹnu Adélàjà ti dun èmi náà rí. Wọ́n ní a ń pè ọ́ lólè, o ń gbọ́mọ ẹran jó. Àwa méjèèjì la jọ jó o.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ìjọba ìlà-oòrùn ní kí àwa tí a kì í ṣe ará ibẹ̀ máa lọ. Kò sí lọ́rì tó gba èèyàn mọ́. Ìgbà yẹn ni Adélàjà kan ìlẹ̀kùn wa, Adélàjà tí mo fi rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ìyàndá, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ jáde, ọkọ̀ mi á gbà wá. Mo sọ̀rọ̀ kan sí ọ lọ́jọ́ kan. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo fa ọkọ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá Àìṣát, họ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́."

"Ìgbà wo?"

"Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo ayé ni? Mo ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀!"

Mo gbà á gbọ́. Ìbẹ̀rù ìlú pọ̀ lára mi, mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Adélàjà àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú. Àwa wà lẹ́yìn lórí àwọn ìdì aṣọ, èmi, ọkọ mi, àti Àìṣát ọmọ wa, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Kí a tó gbéra, Ìyàndá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé iwájú, ó ní, "Díákónì, ẹ rọra wà á o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ gidi." Ohun tó lè sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti Nkpor. Mo ti ń rí irin afárá odò tó lọ sí Asaba lọ́ọ̀ọ́kán, Àìṣát ń bi mí bóyá ẹja wà nínú odò náà. Ọkọ̀ tò síwájú wa bí eèrà. Mo gbọ́ tí Adélàjà ké, "Jésù!" Píkọ́ọ̀pù kò dúró. Ó yà sí gọ́tà, ó sì yí dànù.

Mo dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú. "Àìṣát! Àìṣát o!" Ìyá Ìgbò kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáré bá mi wá a. Òun ló rí i lábẹ́ ìdì aṣọ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́ lédè wọn, "Ndo, nne, ndo." Ọrùn ọmọ mi ti rọ̀.

Mo wá bàbá rẹ̀ kó wá bá mi gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí tó yọ lábẹ́ ọkọ̀. Mo rò pé ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fà á jáde, ọmọ wà ní èjìká mi. Ọkọ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gé họ́ọ̀sì apá ọ̀tún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí pólíìṣì ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti yí, kò tíì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Adélàjà kúnlẹ̀ fún un lójú títì. "Ìyàndá, dárí jì mí, èmi ni mo wakọ̀ náà."

Ọkọ mi ní, "Kádàrá ni, Díákónì." Bẹ́ẹ̀ ló sọ. Adélàjà sì ru ẹ̀ṣẹ̀ náà títí ó fi kú, èmi náà dákẹ́, torí ẹ̀rín tí mo rín.

Asaba la sin Àìṣát sí. Nígbà tí wọ́n wá ń ja ogun abẹ́lé, Ìyàndá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mìíràn sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún ń gé họ́ọ̀sì lójú ọlọ́kọ̀, àwọn èèyàn ń yìn ín pé olóòótọ́ ni. Bó bá ti gbé ọ̀bẹ lé rọ́bà, màá lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá ní, "Bàbá Àìṣát, ẹ pe orúkọ rẹ̀." Kò pè é títí ó fi kú.