Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Ka Ààlà Oko Bàbá Wa

Mo ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìkirè títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì mọ ọjọ́ kan tí ìwé sọnù lábẹ́ ọwọ́ mi. Ìdí nìyí tí ojú fi tì mí lọ́jọ́ tí mo gba Àpòmù lọ láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé gbogbo ohun tí ó jókòó kà fún mi nílé mi ti di òfìfo.

Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó mọ ààlà oko kòkó bàbá wa ní Ararọ̀mí-Òwu. Nígbà tí èmi wà nílé ìwé, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá lóko. Ó mọ gbogbo ibi tí wọ́n gbin pèrègún sí, ó mọ odò tó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ wá mú un lọ sí Òkè Ọya fún ìtọ́jú lọ́jọ́ Àìkú; a kò mọ ìgbà tí yóò padà. Bí kò bá kà á kí ó tó lọ, àwọn ọmọ wa kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí.

Ó ti kà á o. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ti fi í pamọ́. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, orúkọ fáìlì náà wà níbẹ̀ gbágbáágbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀.

“Akọ̀wé!” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí. “Ìwé tí o ń kọ ní kóòtù, ṣé iná náà ló ń gbé e lọ nígbà yẹn?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú.”

“Ta ló wá ní kí o lọ ra ẹ̀rọ tí kò gbọ́n tó bíírò?” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ń bọ̀ ní Ìkirè lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. N óò kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí o lọ bi pèrègún léèrè.”

Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni mo jókòó kọ́ ọ fúnra mi. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní ìwé kékeré kan tó kọ́kọ́ ń kọ nǹkan sí, kí ó lè mọ ibi tí ó bá iṣẹ́ dé bí iná bá lọ lójijì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tó yá jù ni wọ́n fi í sí: orúkọ fáìlì àti àyè rẹ̀ nìkan ni ìwé kékeré náà ń gbà sílẹ̀, kò bìkítà bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Àfi bí akọ̀wé tó kọ nọ́ńbà ẹjọ́, tí kò kọ ohun tí ẹlẹ́rìí wí. Ta ló fi í sí bẹ́ẹ̀? Èmi náà ni, nígbà tí mo ń wá kí iṣẹ́ yá.

Ní kóòtù, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré, lẹ́yìn náà ni n óò tún un kọ sínú ìwé ńlá. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bọ́, èkejì wà. Linux ní irú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú, data=journal ni wọ́n ń pè é. Orí mi wú nígbà tí mo rí i. Ohun tí ọ̀gá mi fi pàṣán ọ̀rọ̀ kọ́ mi láti kékeré iṣẹ́ náà ni àwọn ọ̀mọ̀ràn fi kọ́ ẹ̀rọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó tì í. Ìyàwó mi, hẹ́dimísírẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi kọ̀ǹpútà kan náà tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde fún ilé ìwé ìjọ wa.

“Bàbá, ẹ má pa á o! Ìwé ṣì kù.”

“N kò ní pa á, Hẹ́dimísírẹ́sì.”

Àwọn ìwé mi ní àpótí tiwọn nínú kọ̀ǹpútà náà, ó yàtọ̀ sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Mo kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí àpótí mi yí ọ̀nà padà lójú ẹsẹ̀, bó ṣe wà ní ṣíṣí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: mo fi àṣẹ tune2fs kọ ọ́ sára àpótí náà pé nígbà mìíràn tí a bá ṣí i, ọ̀nà tuntun ni kí ó gbà. Ó kù kí n tì í, kí n sì tún un ṣí. Mo ní kí ó tì. Ó ní ẹnìkan ń lò ó.

“Ìwọ ni, àbí? Fi fáìlì mi sílẹ̀!”

“Èmi kẹ̀? Ẹ wo iwájú ara yín dáadáa, Bàbá.”

Mo wò ó. Ojú ibi tí mo ti ń tẹ àṣẹ, inú àpótí náà gan-an ló dúró sí. Mo wà nínú yàrá, mo ń pariwo pé kí ẹni tó wà níbẹ̀ jáde kí n lè tilẹ̀kùn! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Mo jáde, mo tì í, mo ṣí i, mo bi í léèrè ọ̀nà tó ń gbà kọ̀wé. Ó dáhùn: data=journal. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìbéèrè ìdánwò ìyàwó mi ń jáde lọ, kò dúró rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án. Bí ó ti ń ka ìlà kan ni mo ń fi í pamọ́. A ti kọjá odò, a ti ka pèrègún méje. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ọ̀pẹ olórí méjì, tí ó gbé omi mu, ni iná lọ.

“Akọ̀wé, ó tún ti gbé e lọ?”

“Ẹ jẹ́ kí iná dé ná, ẹ̀gbọ́n mi.”

Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná dé kí àkókò ìrun Aláásárì tó tó. Mo ṣí fáìlì náà, mo sì kà á sókè sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ti máa ń ka ẹ̀rí fún ẹlẹ́rìí kí ó tó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́tí, ó ń mi orí, títí mo fi dé ìlà tó kẹ́yìn.

“Akọ̀wé,” ó pè mí. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ti kúrò nínú rẹ̀. “Níbo ni mo dé?”

“Ìdí ọ̀pẹ olórí méjì.”

“Kọ ọ́. Láti ìdí ọ̀pẹ yẹn, kí ẹ yà sọ́tùn-ún.”