Orúkọ Abẹ̀ní Lẹ́nu Bàbá Kékeré

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì ga ju ẹnu odó ìyá mi lọ, kò sí ilé kan ní àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí kì í tan rádíò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé á ti bọ́ aṣọ iyì, àwọn Mùsùlùmí á ti kírun tán, oníkálukú á wá jókòó ti iyán, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wàgáṣì, wàrà dídì àwọn Fúlàní, ń léfòó nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Bí ọmọdé bá lanu sọ̀rọ̀ nígbà tí ètò eré ìdárayá ń lọ, àbàrá ni. Wọ́n gbá mi létí lọ́jọ́ kan torí pé mo ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rádíò yẹn, àbúrò bàbá mi ni. Agboolé kan náà la jọ ń gbé, Bàbá Kékeré la sì ń pè wọ́n. Ẹ̀mí ìgbéraga wa pọ̀ jọjọ. Níléèwé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lù mí, mo máa ń sọ fún un pé n ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú rádíò pé olè ni. Bàbá Kékeré mọ bí a ṣe ń ki eléré. Bí ọmọkùnrin kan láti Bèsé bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé lónìí, lọ́la wọn á ti ki í débi pé ìyá rẹ̀ á máa sunkún ayọ̀ nídìí ààrò.

Abẹ̀ní ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Díẹ̀ ló fi jù mí lọ, orúkọ ni mo sì ń pè é, àyàfi bí ìyá wa bá wà nítòsí. Àwa méjèèjì la jọ ń pọn omi, la jọ ń ṣa kajú lóko bàbá wa. Oje kajú á ba aṣọ wa jẹ́, wọ́n á sì ní ká kúnlẹ̀ ká kápá sókè nítorí aṣọ yẹn. Abẹ̀ní kì í rọra kó kajú sínú agbọ̀n bí èèyàn gidi. Á dúró lókèèrè, á máa jù ú síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í sì í tàsé. Nígbà tó dé kọlẹ́ẹ̀jì, wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọwọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áńdì. Bó bá fò sókè tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, golí tó ń ṣọ́ ilé á kàn máa wò ó ni.

Ó wá di ọdún kan, àwọn tó ń bójú tó pápá ìṣeré ìlú ní àwọn fẹ́ ya àwòrán àwọn akọni eléré sára ògiri pápá, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí Bàbá Kékeré máa sọ èrò ọkàn wọn lórí rádíò, ẹni tí ọlá náà tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni ayàwòrán máa yà. Láti ìgbà náà, Abẹ̀ní ò fi ọjọ́ Àìkú ṣeré mọ́. Á tètè gún iyán, á jókòó ti rádíò, á fọwọ́ lẹ́rán. Kì í ṣe ọmọ tó máa ń tọrọ nǹkan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Bàbá Kékeré.

Bàbá Kékeré yin golí kan, ará Bónì. Wọ́n yin bàbá arúgbó kan tó ti ja ìjàkadì kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n yin ọmọbìnrin kan tó ń sáré láìwọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Abẹ̀ní na àwọn ará Paraku lójú gbogbo ayé, òun ló sì ju èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù tó wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, gbogbo wa fà mọ́ rádíò. Bàbá Kékeré ròyìn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ki ẹni tó ṣọ́ ilé, wọ́n ki ẹni tó ń fún àwọn yòókù ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tó kan Abẹ̀ní, wọ́n ní, “Àti àwọn ọmọ yòókù, a kí wọn o.” Orin ló tẹ̀ lé e. Abẹ̀ní dìde, ó lọ fọ odó.

Bí Bàbá Kékeré ṣe wọlé, ìyá wa ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣí fìlà. “Ọkọ mi, ẹ ò rí ọmọ yín ni, àbí ojú ń dùn yín?”

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, mo rí i. Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn. Àmọ́ ọmọ mi ni. A kì í yin ọmọ ẹni lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í bá a. Bí mo bá sì dárúkọ rẹ̀, ayé á ní ilé mi ni mo ń kó ọlá lọ.” Bàbá wa mi orí, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn. Ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ náà o. Àwọn ni wọ́n ra bàtà áńdì fún un. Bó bá ń ṣe ìdánrawò, ẹ̀yìn igi máńgòrò kan lẹ́bàá ojú irin ni wọ́n máa ń dúró sí, kó má bàa rí wọn, wọ́n á máa wò ó. Inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí. Ẹni tó ń yin ọmọ ọlọ́mọ káàkiri ìlú, tó wá ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi nítorí tirẹ̀!

Wọ́n ya ògiri náà tán, a lọ wò ó. Abẹ̀ní wo ojú àwọn akọni náà níkọ̀ọ̀kan, ó ní ayàwòrán náà mọṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni olùkọ́ eléré kan wá láti Kútọnu, ó fẹ́ mú un lọ. Bàbá wa gbà. Abẹ̀ní ló kọ̀. Ó sọ fún mi nídìí kànga pé, “Ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré ò rí i pé mo tó. Ta ni kí n wá lọ fara hàn fún ní Kútọnu?” Mo rán an létí ohun tí Bàbá Kékeré sọ fún ìyá wa. Ó ní òun náà gbọ́, pé bí àwọn àgbà ṣe máa ń fọ̀rọ̀ tu ìyá ọmọ nínú nìyẹn. Ó fi bàtà rẹ̀ ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wa ra kajú káàkiri oko, kò sì tẹ pápá mọ́. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀dà ara ògiri ti ṣí, wọ́n fẹ́ tún un yà. Bàbá Kékeré ti fi iṣẹ́ rádíò sílẹ̀ tipẹ́, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n pè wọ́n padà sórí rádíò kí wọ́n wá sọ èrò wọn. Mo wà lọ́dọ̀ Abẹ̀ní, à ń ṣa kajú tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára. A gbọ́ ohùn wọn nínú rádíò, ó ti di ohùn arúgbó. Wọ́n ní, “Ẹni tó tọ́ sí jù lọ, èmi ni mo fò ó. Abẹ̀ní ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìfàsẹ́yìn ni mo ń bẹ̀rù fún un, àṣé èmi gan-an ni mo fà á sẹ́yìn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà.”

Mo wo Abẹ̀ní. Ó ní, “Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí,” ó sì ní kí n sún àtẹ náà mọ́ òun. Nígbà tí ayàwòrán wá bèèrè fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀, ó fún un lómi mu, ó ní, “Ọmọbìnrin tí ẹ fẹ́ yà yẹn ò sí níbí mọ́. Ẹ wá ẹlòmíì yà.”

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ ò tíì so okùn bàtà tán tí ìyá rẹ̀ ti yà á sínú fóònù pọ́tábù, tó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, n ò ní parọ́. Nígbà tiwa, ìyìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń há bí ẹ̀pà, ìdí nìyẹn tó fi níyì. Àmọ́ bí mo bá ti wo Abẹ̀ní, ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Ọmọ mi obìnrin náà ti ń ju áńdì. Abẹ̀ní tí kò tẹ pápá láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti wá ń tẹ̀ lé e lọ. Etí ìlà gan-an ló máa ń dúró sí, á máa fi gbogbo ohùn pe orúkọ ọmọ náà, á máa ki í, kódà bó bá tàsé. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan fà á láṣọ, wọ́n ní kó rọra, pé ìyìn yẹn á ba ọmọ jẹ́. Abẹ̀ní ò mójú kúrò lára ọmọ náà.

“Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ, ìyá,” ló wí, “nígbà tó ṣì wù ú láti gbọ́.”