Rọ́bà Búréèkì Tí Mo Fi Sódì

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi máa ń ké. Kì í ṣe igbe kékeré rárá. Bí wọ́n bá ti tẹ búréèkì iwájú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ wá sílé wa, ẹni tó wà nídìí ààrò á gbọ́, ẹni tó wà ní balùwẹ̀ náà á gbọ́. Obìnrin Núpé kan tó ń dín kósáì, àkàrà Hausa, lẹ́nu ọ̀nà wa á ti fi Hausa pariwo pé, "Malam ya dawo!" pé bàbá mi ti dé, kí àwa tó rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọdé àdúgbò á wá máa sín igbe náà jẹ, "Kíííín! Kíííín!" títí bàbá mi á fi sọ̀ kalẹ̀.

Ojú máa ń tì mí. Ó dùn mí ju bó ṣe dun ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ lọ. Aránfìlà ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin, kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ń gbé fìlà lọ fún àwọn oníbàárà káàkiri Minna, láti ìdí réluwéè títí dé ọ̀nà Bọ́sò. Èmi ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mi ò sì níṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Mo kọ́ fìlà rírán, abẹ́rẹ́ sú mi. Mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, èmi àti ọ̀gá mi jà. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ nípa mi, ì báà jẹ́ pé àlejò wà ńlé, ì báà jẹ́ pé kò sí: "Ọwọ́ ọmọ yìí, iṣẹ́ kankan ò tíì bá a délé rí."

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ nítòsí ọjà. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, Díákónì náà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n máa ń yà sílé wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá kẹ̀kẹ́ náà níbi tó ti ń ké bọ̀.

"Alfa, igbe àgbò ni mo gbọ́ o. Ṣé Iléyá ti dé tí ẹ ò sọ fún wa ni?"

"Ó ti dé," bàbá mi dáhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbààwẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ òórùn ẹran."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, Díákónì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan búréèkì. "Rọ́bà yìí ti jẹ tán, Alfa. Irin ló ń họ irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá fún mi, kí n bá yín pààrọ̀ ẹ̀."

Kí bàbá mi tó fèsì, mo ti sọ pé, "Mo lè ṣe é."

Bàbá mi wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ sọ fún pé òun á bá a ṣọ́ iṣu. Díákónì ní, "Ọmọ mi, rọ́bà yìí ní ibi tó ń kọjú sí o. Gbé e wá, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ."

Ìmọ̀ràn ni wọ́n fún mi. Ìwọ̀sí ni mo gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra rọ́bà méjì lọ́wọ́ wọn, mo sì rọra kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má baà tún sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo dojú kẹ̀kẹ́ dé sílẹ̀ nínú àgbàlá, mo fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ tì í mọ́lẹ̀, táyà méjèèjì wá ń wo ọ̀run. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ti dógùn-ún, kò gbọ́ràn. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo dúró, ó kọ̀. Sípánà tí mo yá lọ́wọ́ ará ilé wa kan tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè tóbi jù, mo fi àkísà wé e, ó yọ̀, orí ìka mi sì bó. Oòrùn ń pa mí. Obìnrin oníkósáì yọjú wọlé, ó ní, "Kai, keken ya gagare ka ne?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ ti borí mi ni. Mo ní kò borí mi.

Ìyá mi gbé omi wá fún mi, wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ṣé kò kúkú ní sàn kí o gbé e lọ fún Díákónì?"

"Ìyá mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!"

Mi ò tíì jágbe mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé ife wọn, wọ́n wọlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi náà padà sínú ìkòkò. Mi ò dìde lọ bẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ ni mo tẹjú mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kírun ọ̀sán kí ilé irin méjèèjì tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Rọ́bà búréèkì kọ̀ọ̀kan ní ilé irin kékeré tó ń wọ̀ sí. Ilé irin náà dí lápá kan, apá kejì ṣí, ibẹ̀ ni a ń gbà ti rọ́bà wọlé. Apá tó dí ni kì í jẹ́ kí rọ́bà bọ́ nígbà tí táyà bá ń fà á. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ibi tó yẹ kí apá tó dí náà kọjú sí, iwájú ni àbí ẹ̀yìn. Mo jókòó síwájú kẹ̀kẹ́, mo gbá táyà mú, mo fà á sọ́dọ̀ ara mi kó yí, mo tẹ búréèkì. Rọ́bà fẹ́ yọ. Mo bá yí ilé irin padà, mo tún fa táyà sọ́dọ̀ ara mi. Ó dúró gbọn-in. Inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Mo gùn ún yípo àgbàlá. Mo tẹ búréèkì jẹ́jẹ́. Kò ké. Ìgbà tí mo sọ̀ ni mo rí i pé rọ́bà ọ̀tún ti yọ síta díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Mo fi àtàǹpàkò tì í padà. Mo wò yíká bóyá ẹnì kan rí mi. Ẹnikẹ́ni ò rí mi, èmi náà ò sì sọ.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi gùn ún lọ sí mọ́sálásí, wọ́n sì dé láìsí ariwo. Obìnrin oníkósáì fò sókè. "Malam, ka ba ni tsoro!" Wọ́n dẹ́rù bà á nítòótọ́, nítorí kò gbọ́ ìgbà tí wọ́n dé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wò mí fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí réluwéè, apẹ̀rẹ̀ fìlà wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Obìnrin kan tó ru igbá ń kọjá lójú ọ̀nà. Wọ́n fọwọ́ líle tẹ búréèkì. Rọ́bà méjèèjì ta jáde bí ẹ̀pà tí a tẹ̀ fọ́. Wọ́n yà fún obìnrin náà, wọ́n sì wọ inú kòtò. Orúnkún wọn bó, fìlà mẹ́jọ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Wọn ò yà sílé. Wọ́n ṣa rọ́bà méjèèjì, wọ́n fi ẹsẹ̀ tiro lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Díákónì. Ẹnì kan sáré wá pè mí, mo bá wọn níbẹ̀ láàárín àwọn èèyàn.

"Díákónì, irú rọ́bà wo lẹ tà fún mi?"

"Alfa, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Mi ò jókòó! Rọ́bà tó ti bàjẹ́ lẹ kó fún mi. Ẹ fẹ́ pa mí!"

"Irú rẹ̀ gan-an ló wà lára kẹ̀kẹ́ tèmi, Alfa. Ta ló bá yín fi í?"

"Ọmọ mi ni."

Díákónì kọjú sí mi. "Ṣé o wo ibi tó ń kọjú sí?"

Mo la ẹnu. Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ẹ má da ọmọ mi láàmú! Ọmọ mi mọ ohun tó ń ṣe. Ojú mi ló ṣe fi oòrùn pa ara rẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ ọmọ mi."

Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń wò mí bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Lóòótọ́, mi ò tíì mọ ibi tí àṣìṣe wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa àtàǹpàkò mi.

Bàbá mi ra rọ́bà míì lọ́wọ́ ẹnì kan nídìí réluwéè, wọ́n ní kí n fi í. Lọ́tẹ̀ yìí, oòrùn lé mi bọ́ sábẹ́ igi dóńgóyárò, apá ẹ̀yìn táyà iwájú náà ni mo wá jókòó sí. Mo fa táyà sọ́dọ̀ ara mi bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo tẹ búréèkì. Rọ́bà tuntun náà yọ, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ó wá yé mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo jókòó síwájú, ńṣe ni mò ń yí táyà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Mo yí ilé irin méjèèjì padà. Ó dúró.

Ó yẹ kí n ti dìde nígbà náà kí n lọ sọ. Mi ò lọ. Mo ní ó dọ̀la.

Nígbà tó dọ̀la, bàbá mi ti gun kẹ̀kẹ́ káàkiri, búréèkì ò bọ́, kò sì ké. Wọ́n wá rí ẹ̀rí. Ní mọ́sálásí, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn aránfìlà ti ń jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ọwọ́ kan náà ló fi méjèèjì. Rọ́bà ló yàtọ̀." Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ náà ní koro. Èmi nìkan ló lè já a. Wọ́n á sì fọwọ́ gbá mi léjìká láti yìn mí. Àwọn ọmọ Ìlọrin tó ń ra nǹkan lọ́dọ̀ Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìdí réluwéè. Díákónì kò yà sílé wa mọ́. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ kan, àwọn nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń nu eruku kúrò lára táyà. Mo kí wọn. "Pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀ńjìníà," ni wọ́n dá mi lóhùn, wọn ò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí gbogbo èèyàn. Mo bínú sí kẹ̀kẹ́, mo bínú sí bàbá mi tó ń yìn mí, mo bínú sí Díákónì tí kò pariwo. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé ara mi ni mò ń bínú sí. Ìyá mi ló dé láti ọjà, tí wọ́n ní ìyàwó Díákónì sọ pé ọjà ò tà mọ́, pé àwọn fẹ́ kó lọ sí Bídà.

Mo lọ bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń rán fìlà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àtàǹpàkò. Wọn ò dá abẹ́rẹ́ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Nígbà tí o tún un fi, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

"Tí mò ń pariwo kiri, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Wọ́n ká fìlà náà. "Dìde."

Wọn ò gun kẹ̀kẹ́, a jọ fẹsẹ̀ rìn ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ní kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́. Bàbá mi wá ṣí fìlà orí wọn, wọ́n ní, "Díákónì, mo ṣẹ̀ yín."

Díákónì ní, "Mo gbọ́, Alfa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ sọ tìjọ́sí, èrò kún ibí. Lónìí, àwa mẹ́ta péré ni."

Bàbá mi wo ojú ọ̀nà, wọ́n wo bẹ́ńṣì tó wà níta, wọ́n sì jókòó sí i. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Ọmọ Ìlọrin tó bá ti kọjá, wọ́n á pè é. "Ẹ wá gbọ́ o. Rọ́bà Díákónì dáa. Ọmọ mi ló fi í sódì, ó sì dákẹ́." Bó bá jẹ́ Hausa ló kọjá, wọ́n á sọ ohun kan náà ní èdè tirẹ̀, "Yarona ne ya sa shi ba daidai ba."

"Èyí tó dúró yìí?" ẹnì kan bi wọ́n.

"Òun náà nìyẹn."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó sú Díákónì fúnra wọn. "Alfa, ó tó. Ẹ máa lọ sílé."

"Kò tíì tó. Èèyàn mẹ́fà ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́ta péré nínú wọn ló ti kọjá."

A padà lọ́jọ́ kejì, a tún padà lọ́jọ́ kẹta. Ẹnì kẹfà ni alápatà kan, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí bàbá mi fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Alfa, ẹ̀yin lẹ ní rọ́bà náà ò dáa, ẹ̀yin náà lẹ tún ní ó dáa. Èwo ni kí n mú?" Ó gba ìdí réluwéè lọ.

Bàbá mi dìde, wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn. "Díákónì, èyí tó kù yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe."

"Mo rí i, Alfa," ni Díákónì wí.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò kó lọ sí Bídà. Ọjà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, alápatà yẹn ò rà níbẹ̀. Mo ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì bi mí bóyá ẹran ni mo fẹ́ rà.