Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọ̀pá Pùrítàn Jí Bàbá Ìyàwó Mi

Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páálí, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà lojú á wá tì mí. Gọ́ọ̀mù yẹn ni mo fi lẹ fìlà dúdú gàgàrà kan ní ilé Uncle mi ní Clarkston, ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdọọdún wọn níbẹ̀, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo sì rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ láyé. Mò ń wá ìyàwó nígbà náà. Kí n má purọ́, mo ti rí i. Ohun tó kù ni kí bàbá rẹ̀ gbà.

Ọmọbìnrin náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Morrow. Orí mi ti yí pátápátá nítorí rẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu báyìí, mi ò ní mọ ìgbà tí màá dìde dúró, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì á sì rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Daddy, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Marietta, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n máa wò ẹ́ títí di Thanksgiving. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni mímọ́. Mò ń dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó dé. Mò ń to àga, mò ń gba báàgì lọ́wọ́ àwọn àgbà, títí kan àwọn àgbà tí kò fẹ́ kí n gba báàgì wọn. Nígbà náà ni pásítọ̀ wá kéde pé kí àwa ọ̀dọ́ ṣe eré kan tó máa fi hàn bí àwọn òyìnbó onígbàgbọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí ṣe máa ń sin Ọlọ́run, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílùú yìí rò pé tòlótòló àti bọ́ọ̀lù nìkan ni Thanksgiving. Pásítọ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti nawọ́. Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì ìtàn kan ṣoṣo rí ní college, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn ló sì kó sí mi lórí. Mo ní èmi ni màá kọ eré náà, èmi ni màá darí ẹ̀.

Àwọn Pùrítàn ni mo yàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, nítorí ẹ̀sìn ibẹ̀ ò mọ́ tó lójú wọn, wọ́n wá la òkun kọjá, wọ́n tẹ̀dó sí etíkun lápá àríwá níbi tí òtútù ti ń pààyàn. Ilé pákó tí kò ní iná ìyáná kankan ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Ọkùnrin á jókòó lápá kan, obìnrin lápá kejì. Oníwàásù á gbé dígí oníyanrìn síwájú ara rẹ̀, bí yanrìn bá sì ti ṣàn tán tí wákàtí kan ti pé, á yí i padà, á máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Wọ́n á lọ jẹun lọ́sàn-án, wọ́n á tún padà wá gbọ́ wàásù kejì. Ẹnu ya èmi nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ níbi ìdánrawò, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Alàgbà kan ní wákàtí méjì kéré, ó ní bóyá ara oníwàásù wọn ò yá ni. Ìgbà tí mo wá sọ pé wọn kì í ṣe Kérésì ni aunty kan tó ń rán aṣọ eré wa gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n mọ Jésù ṣá?”

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó máa mú ọ̀pá gígùn rìn káàkiri lásìkò ìsìn. Kókó igi wà ní orí ọ̀pá náà kan, ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà ní ìkejì. Ọkùnrin tó bá sùn, á fi kókó igi gún un. Obìnrin tó bá sùn, á fi ìrù rìn ín nímú. Ta ni ipò yẹn tún tọ́ sí bí kò ṣe èmi? Mo yọ igi lára mọ́ọ̀pù Uncle mi, mo kan ọwọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ mọ́ ọn lórí, mo sì bẹ ọmọbìnrin náà pé kó fún mi ní wíìgì tí kò lò mọ́ kí n fi ṣe ìrù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé orí ẹ ò pé?”

Uncle mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọ̀pá náà yẹ̀ wò, wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ fi igi gún nínú ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀dọ́ bíi tèmi kan ló máa jókòó sí ìlà kẹta, lórí àga etí ọ̀nà, tó máa ṣe bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n ní, “Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.” Mo ní eré lásán ni, sà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fún níyàwó kì í gbọ́ràn.

Ọjọ́ Sunday pé. Eré ń lọ bí omi. Yanrìn ń ṣàn nínú dígí, oníwàásù wa ń jágbe, àwọn ọmọdé ti lanu sílẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí èmi ti ń múra lẹ́yìn kọ́tìnnì, Daddy wọlé láti ibi iṣẹ́, kóòtù wà lórí aṣọ nọ́ọ̀sì wọn, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó. Kí ni ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ máa ṣe? Ọ̀dọ́ tó yẹ kó sùn nínú eré mi dìde fún àgbà, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi ti gẹrun lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti wọn fìlà páálí mi, bí mo sì ti dé e báyìí, ó bọ́ wá sórí imú mi. Bàtà mi àti ẹsẹ̀ àga nìkan ni mò ń rí.

Mo ka ìlà kìíní, mo ka ìkejì, mo dé ìkẹta. Mo gbọ́ ìhanrun. Ìhanrun náà kì í ṣe kékeré, inú ikùn ló ti ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ sínú pé ọmọ yìí mọ eré ṣe, ó yẹ kó wà nínú fíìmù. Mo fi kókó igi kàn án léjìká. Ìhanrun dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń pa mí bí ọtí. Mo wá gún un lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú gbogbo agbára Pùrítàn.

“I'm coming, which room?”

Mo mọ ohùn yẹn. Mo ti fìlà sókè, mo rí Daddy ní ìdúró, wọ́n ń fọwọ́ wá bíírò nínú àpò àyà, ojú wọn ń wá ilẹ̀kùn aláìsàn tó tẹ aago. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Pásítọ̀ di àga mú kí wọ́n má baà ṣubú. Èmi ti nà gbalaja sílẹ̀ tòun ti aṣọ Pùrítàn mi, fìlà mi sì yí lọ títí dé iwájú pẹpẹ. Ọmọbìnrin náà fi ìwé orin bo ojú, mi ò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. Daddy jókòó padà, wọ́n tún kóòtù wọn ṣe, nígbà tí ìsìn sì parí, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ.

Mo pe ọmọbìnrin náà títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́: “Mummy ní n ò gbọdọ̀ gbé fóònù ẹ. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Má pè mí.” Mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ karùn-ún ni Daddy fúnra wọn pè, wọ́n ní kí n mú Uncle mi dání, kí n wá bá àwọn nílé. Nínú mọ́tò, Uncle mi sọ gbólóhùn kan péré, pé kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí n tó rántí pé mo ní ẹnu.

Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn tí àyà mi ti kan kápẹ́ẹ̀tì. Daddy ní kí n dìde, kí n jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ àwọn Pùrítàn yẹn fún àwọn. Mo sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí aláìsàn ń ròyìn ibi tó ń dùn ún. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí pé, “Lálẹ́ Sátidé, kí ni wọ́n máa ń ṣe?”

Inú mi dùn, nítorí mo mọ ìdáhùn. Mo ní bí oòrùn Sátidé bá ti wọ̀, ọjọ́ ìsinmi wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í ṣiṣẹ́ kankan mọ́, wọ́n á gbàdúrà nílé, wọ́n á sùn.

Daddy mi orí. “Wọ́n ti sùn nìyẹn. Ẹni tó sùn mọ́jú, tó tún wá ń sùn nílé Ọlọ́run, igi tọ́ sí i. Èmi ò tíì sùn. Láti aago méje alẹ́ títí di méje àárọ̀, mò ń gbé aláìsàn, mò ń dáhùn aago. Nílé, fóònù ò jẹ́ n sinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń sùn tí ẹnikẹ́ni kì í pè mí. Ibẹ̀ lo wá bá mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Gbogbo Sunday ni mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń sùn, mo sì ti rò ó lọ́kàn mi, Ọlọ́run dárí jì mí, pé ìgbàgbọ́ wọn ò gbóná. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò mọ̀.” Uncle mi la ẹnu láti fi òwe tì í, Daddy gbọ́wọ́ sókè. “Ó ti tó. Ẹ máa mú àwọn èèyàn yín bọ̀. Ẹ má wá ní Sátidé, mo máa wà níbi iṣẹ́. Ẹ wá ní Tuesday.”

Ìyá ìyàwó mi dáhùn láti kíṣìnnì pé, “Tuesday? Ta ní ń ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ní Tuesday?”

Daddy ní, “Àwa.”

Àwa mélòó kan la lọ ní Tuesday náà: Uncle mi àti ìyàwó wọn, pásítọ̀, àti alàgbà kan. Daddy ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ agbádá. Uncle mi dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa òdòdó tí a rí nínú ọgbà yín. Wọn ò tíì débi tí a ti fẹ́ já òdòdó náà tí àgbọ̀n Daddy fi balẹ̀ sórí àyà. Ìhanrun tí mo mọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀. Uncle mi dákẹ́. Alàgbà na ọwọ́ láti fi kan Daddy léjìká, mo yára mi orí, mo fi ìka lé ètè.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó. Ìdílé méjì, pẹ̀lú oríṣiríṣi èso lórí tábìlì, à ń gbọ́ ìhanrun. Òórùn ìrẹsì ń ta sánsán láti kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Ìyá ìyàwó mi yọjú, wọ́n wò mí, wọ́n sì rọra pa tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò mí dáadáa láti ọjọ́ Sunday yẹn nìyẹn. Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí Daddy tó lajú fúnra wọn, tí wọ́n nu ẹnu, tí wọ́n wò wá yíká.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ má jí mi?”

Ọmọ wọn nawọ́ sí mi. “Òun ni, Daddy.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá kọjú sí Uncle mi, tó ṣì di òdòdó rẹ̀ mú lẹ́nu. “Ẹ mú un,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti ka ìwé sí i nípa àwọn Pùrítàn, mi ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí èèyàn tó la òkun kọjá nítorí Ọlọ́run ti ṣe ohun tí mi ò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé oríṣi oorun ju ẹyọ kan lọ nílé Ọlọ́run. Daddy ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ojú wọn ń dán láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, wọ́n sì ń ráhùn pé wàásù ti gùn jù. Èmi kì í dá wọn lóhùn. Bí ẹnì kan bá wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù, tó jókòó tì mí, tí orí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, mo máa ń sún mọ́ ọn díẹ̀, kí ó lè rí èjìká mi gbé orí lé.