Kọ́kọ́rọ́ Tí Gbogbo Àdúgbò Mọ̀

Ọdún mẹ́rìnlá ni Sàdíátù ti fi ń pa ẹyin fún àwọn olùsìn adìyẹ ní Ìlódè, láìní ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú àpótí ìsàba rẹ̀ tí í máa wọn ooru, tí í sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Kí ẹlòmíràn má baà fi irọ́ ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà a máa fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí di ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì lu èdìdì lé e. Fóònù kì í gba ohun tí kò bá ní èdìdì yẹn. Sàdíátù fúnra rẹ̀ ló yan kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún: oríkì rẹ̀, Àníkẹ́ ọmọ Ìwó. Ta ni í gbàgbé oríkì ara rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejìdínlógún tí ẹgbẹ̀rún ẹyin ti wọlé, fóònù ní ooru wà ní mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀, bó ṣe yẹ. Sàdíátù fẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn àpótí, ó sì yára gbé e kúrò.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ìwọ̀n-ooru onígíláàsì àtijọ́ tó fi kọ́ inú àpótí ti kọjá ogójì. Ó paná, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹyin kíkankíkan. Lẹ́yìn náà ló yọ bátìrì ẹ̀rọ kékeré náà.

Fóònù ṣì ń gba iye. Mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀. Èdìdì rẹ̀ sì pé.

Ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ bá Adésọjí, aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, tó sì ra irú ẹ̀rọ kan náà.

"Sọjí, kọ́kọ́rọ́ wo lo fi sínú ẹ̀rọ tìrẹ?"

Adésọjí họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe ooru tiyín tí ẹyin yín kì í bàjẹ́. Oríkì yín ni mo fi sí i, kí n lè máa gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yín ń sọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé òun ni?"

"Mo kàn gbìyànjú ẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí ìyá yín bá ti kírun àsùnbáà ni wọ́n ń kì yín. Ewúrẹ́ ilé wa gan-an mọ̀ ọ́n."

"O gbọ́ tèmi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni fóònù mi ń gbọ́."

Kò bá a jà. Ta ló so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà bí kò ṣe òun? Ó padà sílé, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ tuntun fúnra rẹ̀, gbọọrọ, tí ẹnu ẹ̀dá kankan kò lè pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, ìyá rẹ̀ kírun tán, ó ké láti ẹnu ọ̀nà: "Àníkẹ́ ọmọ Ìwó."

Sàdíátù jẹ́ ẹ wẹ́rẹ́, etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Àtẹ ẹyin ti ìsàlẹ̀, èyí tó sún mọ́ iná jù, dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ òkè, ohun kan ń ha èèpo ẹyin láti inú.