Tábìlì Aunty ní Snellville

Òfin tí ìjọba ní òun fi ń dáàbò bo onílé ló gba ilé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Kí òfin náà tó dé, Aunty kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ó ti bá àwọn tó ń yáni lówó ilé ṣiṣẹ́ rí, ó sì mọ ohun tí báǹkì ń fẹ́ kà. Bí mortgage, gbèsè ilé tí à ń san fún báǹkì lóṣooṣù, bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdí tábìlì ìjẹun rẹ̀ ní Snellville lo máa gbà lọ. Wàá san owó iṣẹ́ rẹ̀ kó tó mú bíírò. Kò fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ lèmi àti ọkọ mi jókòó sí ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọ́n ti dín shift ọkọ mi kù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Suwanee, a sì ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta. A fẹ́ kí báǹkì dín iye tí à ń san lóṣooṣù kù. Ọkọ mi ti fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà wá. Aunty kà á sókè: ọkọ mi kí báǹkì, ó béèrè àlàáfíà ìdílé wọn, ó ní àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí wàhálà.

Aunty bọ́ awò ojú. "Ọkọ mi, ṣé ìyàwó lò ń tọrọ lọ́wọ́ báǹkì ni? Tí kò bá sí wàhálà, kí lo wá ṣe nílé mi?"

"Aunty, ẹ má bínú. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé nǹkan ò dáa ni?"

"Sọ ọ́! Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Báǹkì ni ò mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ orin tí báǹkì ń kọ síni létí lórí fóònù bí a ti ń dúró, tí Aunty ń mi èjìká sí i, tó ń ṣa ẹ̀wà. Aunty tún lẹ́tà náà kọ, báǹkì sì gbà nígbẹ̀yìn. Inú ilé yẹn ni mo ti ń kọ èyí.

Òfin wá dé. Wọ́n ní ẹni tó bá ń báni bẹ báǹkì kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ àfi tí báǹkì bá gbà, tí onílé sì fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé gbájúẹ̀ wà tí wọ́n ń gbowó sá lọ. Ẹ mú wọn! Ṣùgbọ́n báǹkì lè fi oṣù mẹ́fà sọ pé ìwé sọnù. Ta ni yóò máa bọ́ Aunty? Wọ́n tún fàyè sílẹ̀ fún lọ́yà láti kọ́kọ́ gbowó, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí àkáǹtì títí iṣẹ́ yóò fi parí, lọ́yà tí apá wa ò ká owó wọn. Aunty palẹ̀ ìwé mọ́ lórí tábìlì, ó lọ ń tọ́jú arúgbó, shift méjì lóòjọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Riverdale ṣàìsàn, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí àṣà wa, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló kọ lẹ́tà rẹ̀. Ìgbà tí báǹkì ti gba ilé náà tà tán ló tó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà hàn mí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ara ti ń yá, a dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin yìí, ta lẹ bi léèrè nínú wa? Nígbà tí ẹ lé Aunty kúrò nídìí tábìlì, ta lẹ fi síbẹ̀, tí ì bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó pa ìlà yẹn rẹ́? Ẹ dá mi lóhùn.